Ọgbẹ́ Tí Sàláúdéènì Pa Rẹ́ Lára Ọkọ̀ Dúdú

Kò sí ẹni tó na ìbọn sí Sàláúdéènì kó tó ṣe ohun tó ṣe. Ebi kò pa á, orí rẹ̀ sì pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹ má baà máa bá a wá àwáwí bí òun náà ṣe wá a títí tó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn ni. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ kọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bá ń kun àga àti tábìlì. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn Màpó lọ́wọ́, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Ìbàdàn kò tíì pọ̀ tó ẹṣin ìlú, ó rí nǹkan kan ní Bẹẹ̀rẹ̀ tó gba ọkàn rẹ̀ pátápátá.

Onígbàgbọ́ kan tó ń jẹ́ Hezekiah Adégòkè, tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ l'Ékòó, ló gbé ẹ̀rọ kan bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí. Okùn líle kan gùn jáde lára rẹ̀ bí ìrù. Irin róbótó pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu okùn náà, awọ àgùntàn onírun ni wọ́n fi bò ó. Bí ẹnì kan bá ń yí kẹ̀kẹ́ irin, awọ àgùntàn á máa pòòyì lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ọkọ̀ tí ẹ̀gún ti họ, tí ìwo màlúù ti fà lára ya, bó bá kúrò lábẹ́ awọ yẹn, ẹ ó lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí.

Sàláúdéènì bẹ Hezekiah kó kọ́ òun. Hezekiah gbà.

"Ọgbẹ́" ni Hezekiah máa ń pe ojú ibi tó bá họ lára ọkọ̀.

"Fi èékánná rẹ gba orí ọgbẹ́ yẹn kọjá," ni yóò wí. "Ṣé ó há?"

"Kò há, ọ̀gá."

"Ojú awọ ló wà nìyẹn. Ẹ̀rọ yóò pa á rẹ́. Bó bá há, ó ti jìn. Má tan ara rẹ."

Lọ́jọ́ mìíràn: "Má dúró sójú kan o! Ọ̀dà yìí kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Máa rìn, máa rìn. Máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá ti gbóná, gbọ́wọ́ kúrò."

Ìmọ̀ràn yìí wọ Sàláúdéènì létí. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kẹ̀kẹ́ irin ló ń yí ṣáá. Hezekiah ló ń di awọ àgùntàn mú.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n dì í mú lónìí."

"Máa yí i. Ọjọ́ ń bọ̀."

Ọjọ́ dé lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ni wọ́n fún un. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó dúró lé etí ilẹ̀kùn náà lórí, ọ̀dà jó, irin yọjú. Hezekiah kò bú u. Ó kàn gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Padà sídìí kẹ̀kẹ́." Ó pẹ́ gan-an kó tó tún fún un. Nígbà tó sì tún fún un, tí iṣẹ́ Sàláúdéènì ń dán, tí kò sí àbùkù, Hezekiah kì í sọ nǹkan kan. Á wò ó, á mi orí, á lọ.

Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ tútù sí Sàláúdéènì ní ṣọ́ọ̀bù náà ni Olúyẹmí. Àbúrò Louisa ìyàwó Hezekiah ni, ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́ ló ti ń ṣe tíṣà. Bó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ewé yà síbẹ̀. Òun ló fi ìka kọ "Sàláúdéènì" sínú eruku orí ọkọ̀ kan tí wọn kò tíì fọ̀, tó ní, "Bọ̀dá Sàlá, orúkọ yín nìyí. Ẹ kọ ọ́ tẹ̀ lé e." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Sàláúdéènì kọ orúkọ ara rẹ̀ láyé.

Nígbà òjò ọdún kan, àbúrò bàbá Hezekiah kú l'Ábẹ́òkúta. Hezekiah fi Louisa sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Sàláúdéènì.

"Bí ẹnikẹ́ni bá wá, bá a fọ ọkọ̀ rẹ̀. Má gbé ẹ̀rọ lé ọkọ̀ kankan títí n ó fi dé."

"Ó dáa, ọ̀gá. Ẹ kú ọ̀fọ̀ o."

Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀sán kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ni Oyèdélé wa ọkọ̀ dúdú ńlá kan gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé. Oyèdélé ni dírẹ́bà Bàbá Àkíbù, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò aṣọ kan l'Ójé. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá, iwájú ló ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn ni Oyèdélé gbà.

"Sàlá, ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Ó lọ ìsìnkú."

Oyèdélé mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni. Ìwọ gan-an ni mo wá wá."

Ọgbẹ́ kan gùn láti orí irin tó bo táyà iwájú títí dé ilẹ̀kùn. Sàláúdéènì fi èékánná gbà á kọjá. Kò há, àfi lẹ́bàá iná iwájú, níbi tó ti há díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí ohun kan tó lẹ̀ mọ́ inú ọgbẹ́ náà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni.

Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kò pọ̀ nílùú.

"Kí ló họ ọ́ báyìí?"

"Òpó ìsọ̀ kan ni, l'Ọ́jà'ba."

"Òpó ìsọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà?"

Oyèdélé wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Sàlá, ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ ṣe ni, àbí ẹjọ́ lo fẹ́ dá?"

Sàláúdéènì kò gbójú kúrò lára ọgbẹ́ náà.

"Gbọ́," ni Oyèdélé wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Títí dìgbà wo lo fẹ́ máa yí kẹ̀kẹ́ irin fún Hezekiah? Bàbá ní tó o bá ṣe èyí kó mọ́, àwọn á bá àwọn òyìnbó tí àwọn ń bá ṣòwò l'Ékòó sọ̀rọ̀, wọn á gbé ẹ̀rọ tìrẹ wá nínú ọkọ̀ ojú omi. Tìrẹ! Wàá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Bẹyẹrúnkà nílé yín. Èwo ni kí ọkùnrin bíi tìẹ máa bẹ èèyàn pé 'ẹ jẹ́ kí n dì í mú'?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló pa á. Kò mọ ẹni tó sọ fún Oyèdélé pé òun máa ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ṣeé dá lò. Oyèdélé ní òun kò lè dúró kí wọ́n má baà rí òun, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Sàláúdéènì ránṣẹ́ pe Sìdí ìyàwó rẹ̀ nílé.

"Wá bá mi yí nǹkan."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Ọ̀gá mọ̀ sí i."

Wẹ́rẹ́ báyìí ni irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.

Sìdí so ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó di kẹ̀kẹ́ irin mú, ó ń yí i. Sàláúdéènì fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó nù ún gbẹ, ó fi bébà oníyanrìn tó kúnná jù lọ ha á pẹ̀lú omi. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé yòrò mọ́ omi, ó ṣàn lọ sílẹ̀. Ó bu ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òróró pò sí ara awọ àgùntàn. Ó ń rìn, kò dúró. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Nígbà tó dé ẹ̀bá iná iwájú tó jìn, ó rọra ń fọwọ́ tọ́ ọ bí ẹni tó ń tọ́ orí ìkókó, títí ọgbẹ́ náà fi pòórá.

Ọwọ́ Sìdí ti ń ro ó, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì kò tíì ṣiṣẹ́ pọ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Ẹ wá wò ó!" ló wí. "Èmi àti ẹ̀yin rèé nínú ọkọ̀."

Lóòótọ́, ojú wọn hàn nínú ọ̀dà dúdú náà, ó dán bí omi inú kànga. Sàláúdéènì kò lè wo ojú tirẹ̀ pẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Oyèdélé ti wá gbé ọkọ̀ lọ, ìròyìn sì ti kan. Wọ́n bá Olúyẹmí nínú gọ́tà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti Màpó sọ̀ sí Ọjà'ba. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ká bí okùn. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gún awọ jáde. Òjò tó ń rọ̀ nígbà náà ti lé gbogbo èèyàn wọlé, kò sí ẹni tó rí i.

Olúyẹmí ní ọkọ̀ Bàbá Àkíbù ni. Ó ní òun rí Bàbá náà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ojú àwọn ṣe mẹ́rin, ọkọ̀ náà kò sì dúró.

Àwọn ẹbí rẹ̀ lọ bá Bàbá Àkíbù l'Ójé. Bàbá Àkíbù kò bínú. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n bu omi fún àlejò.

"Ọkọ̀ mi rèé," ló wí. "Ẹ wò ó. Ẹ fọwọ́ pa á lára. Ọkọ̀ tó gbá kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn sì dá, ṣé kò yẹ kó ní àpá ni?"

Wọ́n wò ó. Kò ní àpá. Ojú tì wọ́n, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n padà sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni ayé ti yí padà sí Olúyẹmí. Wọ́n ní ọtí ló mu tó fi já sí gọ́tà. Wọ́n ní torí owó ló ṣe fẹ́ ba olówó lórúkọ jẹ́. Àwọn àgbà ìjọ tó ni ilé ìwé ní kó ṣì jókòó sílé títí ọ̀rọ̀ yóò fi mọ́. Ọmọbìnrin àdúgbò Oníyanrìn tí wọ́n ti bá a tọrọ, bàbá rẹ̀ dá ẹrù ìdána padà. Ó ní òun kò fọmọ fún ọ̀mùtí.

Ọkùnrin tí kò fi ẹnu kan ọtí rí!

Sàláúdéènì lọ kí i nílé wọn ní Ọ̀rányàn. Wọ́n fi igi há ẹsẹ̀ náà, òórùn ọgbẹ́ ti gba yàrá.

"Bọ̀dá Sàlá," ni Olúyẹmí wí, "ẹ̀yin gbà mí gbọ́, àbí?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun Sàláúdéènì. Ó gbé e mì. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé tí òun bá sọ ọ́ lónìí, wọn á bi òun ìdí tí òun kò fi sọ ọ́ lánàá. Ọjọ́ kejì, ìdí náà tún wúwo sí i. Ẹni tó bá ti gbé irọ́ sórí kì í rí ibi tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Hezekiah dé láti Abẹ́òkúta, ó bá ẹkún nílé. Ó lọ bá Mógàjí, olórí agboolé Olúyẹmí, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ojú òun wo ọkọ̀ náà. Mógàjí ránṣẹ́ sí Bàbá Àkíbù, Bàbá Àkíbù sì dáhùn pé òun fúnra òun yóò gbé e wá, kí gbogbo Ọ̀rányàn rí i, kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

"Sàlá, o ó bá mi lọ," ni Hezekiah wí. "Ojú méjì sàn ju ẹyọ kan lọ."

Ta ni yóò kọ̀ tí wọn kò ní bi í léèrè? Ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí iwájú ilé Mógàjí ní àárọ̀, oòrùn ń ràn. Èèyàn pé bí eéṣú. Bàbá Àkíbù jókòó pẹ̀lú agbádá ńlá, Oyèdélé dúró lẹ́yìn rẹ̀. Hezekiah kò fọwọ́ kan nǹkan. Ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ojú irin náà ní ìdojúkọ oòrùn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ wá wo ibí, bàbá," ló wí fún Mógàjí. "Ṣé ẹ rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń yípo yìí, bí òwú aláǹtakùn? Wọ́n pọ̀ níbí. Apá kejì ọkọ̀ kò ní. Ẹ̀rọ ló máa ń fa ìyẹn. Nínú gbogbo ìlú yìí, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ tó ní i."

Bàbá Àkíbù rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé ìwọ lo ṣe é nìyẹn."

"Abẹ́òkúta ni mo wà, bàbá. Òkú ni mo ń sin."

Hezekiah wá fi ìka rìn lẹ́bàá iná iwájú. Ó tún rìn níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Iṣẹ́ yìí dára. Ibí yìí jìn, ẹni tó ṣe é kò sì jó o. Èmi gan-an ò lè ṣe é jù báyìí lọ." Ó yíjú. "Sàlá, ta ló ṣe é?"

Láti ìgbà tí Sàláúdéènì ti ń retí kí ọkùnrin yìí yin iṣẹ́ òun, ẹ wo ọjọ́ tí ìyìn wá!

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Wọláhì, mo fi Kùránì búra, mi ò rí ọkọ̀ yìí rí títí di òní."

Ibẹ̀ ni Louisa ti là àárín èrò kọjá. Ó di ọwọ́ Sìdí mú. Àṣé ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, Sìdí ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ kí Louisa kú ìnira, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkọ wọn, Sìdí sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó hàn án. Ó ní ẹ̀rọ ló bó o, lọ́jọ́ tí òun bá Sàláúdéènì yí i fún ọkọ̀ dúdú ńlá kan tí òun kò mọ ẹni tó ni ín. Louisa kò wí nǹkan kan fún un. Ó kàn ní kó sin òun dé ilé Mógàjí.

"Sìdí," ni Louisa wí, "ṣé ọkọ̀ tí ẹ yí ẹ̀rọ fún wà níbí?"

Sìdí wo ọkọ̀. Ó wo àwọn èèyàn. Ó ti gbọ́ ìbúra náà. Ó wá wo ojú ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó wà nínú odò ṣe ń wo ẹni tó wà létí odò.

Sàláúdéènì wolẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni Sìdí wí. "Èmi ni mo yí i. Wọ́n ní ọ̀gá mọ̀ sí i."

Ariwo sọ. Bàbá Àkíbù fò dìde, ó nàka sí dírẹ́bà rẹ̀. "Oyèdélé! Kí lo gbé ọkọ̀ mi lọ ṣe?"

Oyèdélé kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Bàbá, ẹ má gbé e ká mi lórí o. Mo fẹ́ dúró. Ẹ̀yin lẹ gbá mi léjìká látẹ̀yìn pé kí n máa lọ, pé ta ló rí wa nínú òjò. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá Sàlá kàn."

Bàbá Àkíbù kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó fi ẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ dúdú wà níbẹ̀ tó ń dán nínú oòrùn, kò sí ẹni tó fẹ́ wà á.

Ẹ ó rò pé òtítọ́ dé, gbogbo nǹkan tò. Kò tò. Bàbá Àkíbù gbé ìtọ́jú Olúyẹmí, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ìjọ náà wá, wọ́n tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, wọn kò lè lé onítọ̀hún. Ọmọbìnrin Oníyanrìn ti wà nílé ọkọ mìíràn. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú ju èkejì lọ, kò sì lè gbé e dúró. Òtítọ́ dé lóòótọ́. Ó kàn bá ọjà tó ti tú ni.

Hezekiah kò na Sàláúdéènì. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé mò ń fà ọ́ sẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ lè le ni," ló wí. "Ọwọ́ rẹ kọ́ ni kò le."

Sìdí kò pariwo bẹ́ẹ̀ ni kò bú u. Ó di ẹrù rẹ̀. Ìyá Sàláúdéènì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá, bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ṣe é, mi ò ní lọ," ló dáhùn. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi ló fi ṣe é. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń yí i. Ọmọ ọlọ́mọ wà nínú gọ́tà, mò ń rẹ́rìn-ín."

Ó lọ sílé bàbá rẹ̀, kò padà wá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣèlérí kò dé. Sàláúdéènì padà sídìí àga àti tábìlì, ìwọ̀nba àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló sì ń gbé iṣẹ́ wá. Bó bá ń tọ̀nà Ọ̀rányàn kọjá, àwọn èèyàn á dákẹ́ títí yóò fi kọjá tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan dunjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Kò sí iṣẹ́ tó burú nínú ohun tí Hezekiah kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi Oyèdélé nípa ọ̀dà òpó ìsọ̀ yẹn, ó sì yẹ kó tún un bi. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù dí i lẹ́nu, ó sì jẹ́ kí wọ́n dí i.

Nígbà tó yá, ó gbéra lọ bá Olúyẹmí. Ọjọ́ ọjà ni, gbogbo ilé ti jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Olúyẹmí jókòó sórí ẹní, ó ń wò ó títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu Sàláúdéènì.

"Ẹ dìde," ni Olúyẹmí wí. "Kò sí èèyàn nílé. Mo fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé láti àárọ̀, mi ò lè dá lọ. Ẹ gbé mi."

Sàláúdéènì gbé e. Kò mọ̀ pé èèyàn tó ga tó bẹ́ẹ̀ lè fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó kúrú ń lù ú nítan bó ṣe ń rìn. Ó gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó dúró títí ó fi ṣetán, ó tún gbé e padà, ó rọra gbé e lé orí ẹní.

Olúyẹmí fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ má wá mọ́."